Kí Bàbá Rẹ Má Ta Ilẹ̀ Nítorí PhD

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti Ọ̀fà. Ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 26 ló kọ ọ́. Ó gboyè nínú kẹ́mísírì pẹ̀lú 3.71 lórí 5, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ SS 2 àti SS 3 ní ilé ìwé aládàáni kan. Ó ní:

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ó wù mí kí n ṣe PhD lórí kẹ́mísírì àwọn ewé àti oúnjẹ wa. Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò ní kí n mú mílíọ̀nù 3 náírà wá, pé òun á bá mi gba àyè ní òkè òkun. Bàbá mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa kan lọ́nà Ìpeé. Ṣé òótọ́ ni pé PhD wà tí wọ́n ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe MSc níbí ni, àbí kí n máa lọ tààrà? Mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, mo kí ẹ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, dákun, lọ bá bàbá lálẹ́ òní, kó o ní kí wọ́n fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Nínú kẹ́mísírì, bayọkẹ́mísírì, ìmọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí àti gbogbo ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ ohun ẹlẹ́mìí, PhD tó dáa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà. Iṣẹ́ ni. Wọ́n máa ń sanwó fún ẹni tó bá ń ṣe é.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí owó náà ti ń wá, torí tó ò bá mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni lè tàn ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan á kọ̀wé sí àjọ tó ń fowó ṣe ìwádìí, á ṣàlàyé ohun tí òun fẹ́ mọ̀ àti bí òun ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fún un lówó ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ní kíláàsì láti kọ́, ó ní ìpàdé, ó ní ìwé láti kọ. Ta ló máa dúró ti iṣẹ́ náà láti àárọ̀ di alẹ́? Ta ló máa rẹ ewé sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí á sẹ́ ẹ, tí á gbé e sínú ẹ̀rọ, tí á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta torí pé ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì ò bára mu? Akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni. Owó tó máa fi jẹun àti owó ilé ìwé rẹ̀ wà nínú owó tí ọ̀jọ̀gbọ́n gbà, tàbí kí yúnifásítì san án, tàbí kí ìjọba orílẹ̀-èdè kan gbé e kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò fínnífínní kí wọ́n tó mú un: owó tiwọn ni wọ́n fẹ́ ná lé e lórí. Tí ẹnì kan bá wá ní kí ìwọ sanwó fún òun kí wọ́n tó lè gbà ẹ́ síṣẹ́, ó ti dorí ọ̀rọ̀ kodò.

Ìlọrin ni mò ń gbé, jẹ́ kí n fi ìlú yìí ṣe àkàwé fún ẹ. Tí àwọn àgbà ibí bá gbọ́ pé ọ̀dọ́ kan ti kéú jinlẹ̀, wọn kì í béèrè ìlú tó ti kéú. “Ọ̀dọ̀ alfa wo ló ti kéú?” ni wọ́n ń béèrè. Tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ alfa, wọ́n ti mọ ìwé tó kà, wọ́n ti mọ bó ṣe máa kà á, wọ́n sì ti mọ irú sùúrù tó máa ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni PhD rí. Nínú àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé sí mi, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń sọ pé “Kánádà ni mo fẹ́ lọ” tàbí “Jámánì ló wù mí.” Mi ò tíì rí ẹni méjì tó sọ fún mi pé “lábù ẹni báyìí ni mo fẹ́ wọ̀, torí pé ohun báyìí ló ń ṣe.” Ẹni tó bá sọ ìyẹn, iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ bù ṣe.

Báwo lo ṣe máa rí i? Fóònù rẹ tó fún un. Ṣí Google Scholar, kọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sínú rẹ̀, kó o ní kó kó kìkì ìwé ọdún márùn-ún sẹ́yìn jáde. Nínú ìwé kọ̀ọ̀kan tó o bá rí, wo orúkọ tí wọ́n fi àmì ìràwọ̀ tàbí àmì lẹ́tà sí: ẹni yẹn ló ni lábù lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, sáré lọ sí ìparí ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Àwọn èèyàn kì í ka ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń sọ ẹni tó fún wọn lówó. Tó o bá rí i pé àjọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lówó lọ́dún tó kọjá, o ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó máa wá ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́. Wá lọ sí ojú ewé lábù rẹ̀, wo àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Ọdún mélòó ni wọ́n lò? Níbo ni wọ́n wà báyìí? Kọ̀wé sí ẹnì kan nínú wọn, kó o béèrè irú ọ̀gá tí ọ̀gá yẹn jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á dáhùn, wọ́n á sì sọ òótọ́. Ọ̀gá tó le ju bó ṣe yẹ lọ lè ba ọdún márùn-ún jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, bí orúkọ ilé ìwé rẹ̀ ti wù kó dún tó.

O ní o fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ewé àti oúnjẹ wa. Ó dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n kò tíì di ìbéèrè. Ìwé tó ń sọ pé “a lọ ewé lágbájá, a rí tánínì, a rí sapónínì nínú rẹ̀” ti pọ̀ jù nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ewé tí wọn ò ní rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí nínú rẹ̀. Wo ohun tí Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn kan, ṣe ní Ṣáínà. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ sọ pé ewéko kan ń wo ibà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi iná fa oje rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó bi ara rẹ̀ pé àbí iná ló ń ba oògùn náà jẹ́ ni? Ó lo íítà, kẹ́míkà olómi kan tó ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 Celsius péré, oògùn náà sì jáde. Artemisinin nìyẹn, tó wà nínú oògùn ibà tí gbogbo wa ń lò lónìí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015, bẹ́ẹ̀ kò ní PhD rárá. Gbólóhùn kan péré ni ìbéèrè rẹ̀.

Jẹ́ kí n fún ẹ ní àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́nà Ẹyẹnkọrin, mo dúró ti obìnrin Fúlàní kan tó ń ṣe wàrà. Ó gbé mílíìkì kaná, iná rẹ̀ kò pọ̀. Ó gún ewé àti ọ̀pá bomubomu, ó da omi díẹ̀ sí i, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó sì da oje náà sínú mílíìkì. Kò pẹ́ tí mílíìkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìgbà yẹn ló wá koná mọ́ ọn, wàrà léfòó, omi tó kù nísàlẹ̀ sì mọ́ bí ẹni pé ẹnì kan fi àwọ̀ ewé díẹ̀ kùn ún. Ó bu wàrà sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, omi náà ń kán tó, tó, tó sílẹ̀.

Kẹ́mísírì tó wà nínú ìkòkò yẹn pọ̀ gan-an ni. Oje bomubomu ní ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì, ìbátan èyí tó wà nínú oje ìbẹ́pẹ, òun ló ń mú mílíìkì dì. Ṣùgbọ́n oje kan náà tún ní májèlé tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkàn èèyàn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cardenolide. Láti ìran dé ìran la ti ń jẹ wàrà, ara wa sì le. Kí ló wá ń dáàbò bò wá? Ṣé iná ló ń pa májèlé náà ni, àbí omi tó ń kán dànù ló ń gbé e lọ, àbí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ló kéré? Ṣé ewé ọ̀gbẹlẹ̀ àti ewé òjò rí bákan náà? Ìbéèrè PhD nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńsáìmù wàràkàṣì ní Denmark tàbí ní Netherlands, tí kò dé Kwara rí, máa jókòó dáadáa tó bá kà á, torí ó mọ̀ pé òun kò ní ẹlòmíràn tó lè mú ìbéèrè yẹn wá fún òun. Má ṣe da wàrà mi kọ o. Lọ sí ìdí ìkòkò ìyá rẹ, ìdí ògì, ìdí irú, ìdí àdín, kó o wá tìrẹ.

Nípa ibi tó o lè lọ, àwọn orílẹ̀-èdè kò rí bákan náà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló sì máa dáhùn ìbéèrè rẹ nípa MSc.

Amẹ́ríkà lè gbà ẹ́ sí PhD tààrà pẹ̀lú BSc. Ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, torí pé kíláàsì tí èèyàn ń gbà nínú MSc ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kẹ́mísírì àti bayọkẹ́mísírì níbẹ̀ kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PhD, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un: ní ọdún àkọ́kọ́, á máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní lábù àwọn ọmọ BSc, lẹ́yìn náà owó ìwádìí ọ̀gá rẹ̀ á máa gbé e. Ìwọ tó o ti ń kọ́ ọmọ SS 3 bí wọ́n ṣe ń ṣe títíréṣọ̀n, má rò pé ọdún rẹ ṣòfò. Sọ ọ́ nínú ìwé rẹ, ohun tí wọ́n nílò gan-an nìyẹn. Nínú ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ máa ń jẹ́ kó o gbé nínú lábù mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ kó o tó yan ọ̀gá. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn fọ́ọ̀mù láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù December sí àárín January, fún ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ ní August tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ kò béèrè ìdánwò GRE mọ́. Owó fọ́ọ̀mù wà, ṣùgbọ́n tó o bá kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹ, ọ̀pọ̀ máa ń gbà. Àwọn owó kan wà tí kì í ṣe tiwa: ẹ̀bùn NSF fún akẹ́kọ̀ọ́ àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ T32 ti NIH (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fowó ṣe ìwádìí ni méjèèjì), ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú wọn ló wà fún. Má fi àkókò rẹ ṣòfò lórí wọn. Òfin físà wọn fún ọmọ Nàìjíríà sì ti le gan-an lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nítorí náà wo bó ṣe wà lọ́jọ́ tó o fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù, má sì fi Amẹ́ríkà nìkan ṣe ìrètí.

Yúróòpù yàtọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń béèrè MSc. Ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ PhD nínú kẹ́mísírì sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ tó bọwọ́ lu ìwé iṣẹ́, tó ń gba ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù òṣìṣẹ́ ìwádìí, ó sì tó èèyàn jẹ. Wọn kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí tí àjọ Max Planck dá sílẹ̀ láti ọdún 2000 ń gba èèyàn láti gbogbo ayé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ nínú lábù wọn. DAAD, àjọ Jámánì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ń fún èèyàn lówó láti ṣe PhD níbẹ̀, ó sì tún ń fún àwọn tó fẹ́ ṣe é nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Ohun kan tó ń ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́ ibẹ̀ ni pé wọn kì í fẹ́ kí ó ju ọdún mẹ́fà lọ tó o ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ tó kẹ́yìn. Tó o bá ṣe MSc, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún rẹ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tó wà nílé bíi tìrẹ ni ti àjọ Yúróòpù tí wọ́n fi orúkọ Marie Skłodowska-Curie pè. Wọ́n ń polówó iṣẹ́ PhD wọn lójú ewé EURAXESS, kò sí owó fọ́ọ̀mù, wọn ò sì béèrè orílẹ̀-èdè tó o ti wá. Òfin wọn ni pé o kò gbọ́dọ̀ tíì ní PhD, o kò sì gbọ́dọ̀ ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà ẹ́ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú. Òfin yẹn ń dènà àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ìwọ tó ò tíì kúrò ní Ọ̀fà, gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún ẹ. Obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é náà ṣe tíṣà rí: ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé wọn ní Poland fún ọdún púpọ̀, ó ń tọ́jú owó, ó sì ń ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Paris. Ẹni ọdún 24 ni nígbà tí òun náà tó débẹ̀ ní 1891. Ọdún 1903 tó gba oyè ọ̀mọ̀wé náà ló gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́.

Ìlú Ọba san £20,780 fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ UKRI, àjọ ìjọba tó ń fowó ṣe ìwádìí níbẹ̀, lọ́dún 2025/26, ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ ju 30 nínú 100 lọ, nítorí náà ìdíje ibẹ̀ gbóná. Ìjọba Ṣáínà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ PhD ní yuan 3,500 lóṣù pẹ̀lú ilé. Ìjọba Japan ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ MEXT, tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú wọn, fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 35. Mo mọ àwọn ọmọ tí méjèèjì ṣe lóore, tí lábù wọn sì ní ẹ̀rọ tí a kì í rí níbí.

Nítorí náà, ṣé kó o ṣe MSc nílé? Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kó o fi BSc rẹ kọ fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lákòókò kan náà. MSc á ṣí Yúróòpù, Ṣáínà àti Áfíríkà sílẹ̀ fún ẹ. Yúnifásítì Ìlọrin, tó ti wà láti 1975, kò jìnnà sí ẹ. Àmọ́ kó o tó san owó ìforúkọsílẹ̀ níbikíbi, lọ bá ẹni tó máa bójú tó iṣẹ́ rẹ, kó o bi í léèrè ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kì í ṣe èyí tó wà nínú àkójọ ohun ìní. Béèrè iná. Béèrè NMR pàápàá. Ẹ̀rọ yẹn ni a fi ń mọ bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe so mọ́ra nínú ohun tó o fà jáde. Mágínẹ́ẹ̀tì inú èyí tó lágbára gbọ́dọ̀ máa wà nínú hílíọ̀mù olómi tó tutù dé ìwọ̀n 269 Celsius sísàlẹ̀ òdo, a sì ní láti máa bu hílíọ̀mù náà kún un. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló ń fi mílígíráàmù díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ránṣẹ́ sí òkè òkun, tí wọ́n á máa retí ímeèlì fún oṣù mẹ́ta. Béèrè tẹ́lẹ̀ ẹni tí ọ̀gá rẹ ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ọ̀gá tó ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun lè di afárá tí ìwọ náà máa gbà kọjá.

Má sì gbójú fo àwọn ibi tó sún mọ́ wa. Ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá ló gba Ẹdẹ kọjá, níbi tí ilé ìwádìí àbùdá àwọn àrùn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí ACEGID wà ní Yúnifásítì Redeemer's. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà lára àwọn tó fi àyẹ̀wò fìdí Ebola múlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2014, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà ní March 2020. Ní Ìbàdàn, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà (AU) ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ PAULESI, ẹ̀kọ́ lórí ewé ìṣègùn àti oògùn ṣíṣe wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lówó. IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn, náà wà ní Ìbàdàn fún ẹni tó fẹ́ràn iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. Ní Legon ní Ghana, ilé ìwádìí WACCBIP ń ṣiṣẹ́ lórí àrùn, WACCI sì ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn. Tó o bá sì rí iṣẹ́ olùkọ́ kékeré gbà ní yúnifásítì tàbí pólì ìjọba, TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, lè gbé PhD rẹ. Fún obìnrin, OWSD, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, àti Faculty for the Future ti Schlumberger Foundation wà. Kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń gba fọ́ọ̀mù lọ́dún tó o fẹ́ kọ ọ́, kó o sì wo àkójọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé díẹ̀, torí mò ń rí i lójoojúmọ́. Nítorí pé lábù wa kò ní ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ti sá lọ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo bí èròjà ewé ṣe ń wọ inú purotéènì bíi kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo. Irinṣẹ́ náà dára. Protein Data Bank, àkójọ àwòrán purotéènì, ti wà láti 1971, AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà kan, sì ti fi àwòrán purotéènì tó ju mílíọ̀nù 200 lọ síta lọ́fẹ̀ẹ́; iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó gba Nobel kẹ́mísírì lọ́dún 2024. Ìwọ tó o wà nílé ìwé tí kò ní lábù gidi lè kọ́ ọ lálẹ́, mo sì fẹ́ kó o kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà kọ kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn. Lò ó láti dín èròjà 50 kù sí mẹ́ta, kó o wá sọ fún ọ̀gá tó o ń wá pé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ dán mẹ́ta náà wò nínú lábù rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn máa mọ̀ pé o mọ ibi tí agbára irinṣẹ́ náà parí sí.

Lẹ́tà rẹ kò gbọ́dọ̀ gùn. Kò yẹ kó o pè é ní “ọ̀gá mi ọ̀wọ́n” bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Pe orúkọ rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́, sọ ohun kan pàtó tó o kà nínú ìwé rẹ̀ àti ìbéèrè tó mú wá sí ẹ lọ́kàn. Ìpínrọ̀ kejì, sọ ohun tó o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe: iṣẹ́ ìparí BSc rẹ, ẹ̀rọ tó o lò, ohun tó kùnà àti bó o ṣe tún un ṣe. Ìkẹta, béèrè bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ àti ètò owó tó lè gbé ẹ. So CV olójú ewé méjì mọ́ ọn. Tí kò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kó o sì máa bá ẹlòmíràn lọ. Má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn bà ẹ́ lọ́kàn jẹ́, ímeèlì tó ń wọlé sí wọn pọ̀ ju bó o ṣe rò lọ.

Nípa máàkì rẹ: 3.71 lórí 5 wà nínú ìpele kejì ti òkè, ó sì dára. Kọ “lórí 5” síbẹ̀ nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo 4, tí ẹnì kan bá sì wá rí i lẹ́yìn náà pé ó ka nọ́ńbà rẹ sí ohun tí kì í ṣe, ó lè rò pé o fẹ́ tan òun jẹ ni.

Èyí tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe ni ti tíráńsíkíríìpù, ìyẹn ìwé tí ilé ìwé kọ gbogbo máàkì rẹ sí. Mo gba àyè PhD nígbà kan tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ. Owó wà níbẹ̀, ọ̀gá dáadáa ni. Ohun kan péré tó kù ni tíráńsíkíríìpù láti ilé ìwé tí mo ti gba BSc mi. Mo sanwó, wọ́n fún mi ní rìsíìtì, mo wá padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ní ìgbà kan, fáìlì mi ò sí níbẹ̀. Ní ìgbà mìíràn, ẹni tó ń bọwọ́ lù ú ti lọ ìsinmi. Oṣù méje ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Nígbà tó fi máa jáde, wọ́n ti mú ẹlòmíràn. Mo jókòó sẹ́yìn ilé wa, mo sunkún bí ọmọdé. Ọdún kejì ni mo tó rí òmíràn. Nítorí náà, lọ béèrè tìrẹ lọ́sẹ̀ yìí, kó o tó mọ ibi tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí pàápàá. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ ní ẹ̀dà tìrẹ, kó o mọ bí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ṣe ń fi èyí tó ní òǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, kó o sì gba lẹ́tà tó sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń gba lẹ́tà yẹn dípò ìdánwò èdè. Lọ kí àwọn olùkọ́ rẹ mẹ́ta tó máa jẹ́rìí sí ẹ náà, kí wọ́n rántí ojú rẹ. Ẹlẹ́rìí tó rántí bó o ṣe ń ṣe ní lábù á kọ lẹ́tà tó ní ẹran lára.

Ọkùnrin mílíọ̀nù 3 yẹn, má bá a jà. Béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà ẹ́ àti ímeèlì tó wà lójú ewé yúnifásítì náà. Kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn fúnra rẹ. DAAD kì í gba owó fọ́ọ̀mù, MEXT kì í gbà á, ti Curie náà kì í gbà á, kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gba owó kó tó gba akẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n fún ní lẹ́tà ìgbàwọlé tó dán gbinrin, èdìdì wà lára rẹ̀. Ìgbà tó dé ilé iṣẹ́ aṣojú ló mọ̀ pé ẹ̀ka tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò sí nínú yúnifásítì náà rárá.

Tó o bá ti rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, tó o sì ti ka ó kéré tán ìwé méjì nínú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́tà rẹ fún mi kó o tó fi ránṣẹ́ sí wọn. Mà á kà á, mà á sì sọ ibi tí kò bá tíì dún dáadáa fún ẹ. Bá mi kí bàbá.